Ọjọ́ Tí Ìyá Asopọ̀ Fọ Àwo

Ìyá Asopọ̀ ni wọ́n ń pe obìnrin náà ní ilé ìtẹ̀wé tó ti ń ṣiṣẹ́, orúkọ náà sì ro ó. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta ló wà níbẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sì gbọ́ èdè ara wọn. Ti iwájú tí òun fúnra rẹ̀ ń lò, Wíńdòòsì ni. Ti ọ̀gá, Máàkì. Ògbólógbòó tó wà ní yàrá ẹ̀yìn, Línọ́ọ̀sì, ètò ọ̀fẹ́ tí kì í wúwo, ni wọ́n gbé lé e lórí nígbà tí kò lè gbé nǹkan mìíràn mọ́. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, ìdí kọ̀ǹpútà iwájú ló so mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Ìyá Asopọ̀ fi jókòó tì wọ́n, tó ń fi wáyà dè wọ́n pọ̀, tó ń dán wọn wò, tó ń bú wọn, títí ohun tí wọ́n bá kọ ní yàrá ẹ̀yìn fi ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ níwájú. Ó tún ṣí fódà kan sórí ògbólógbòó náà tí gbogbo wọn lè ki ọwọ́ bọ̀. Àwo ló sọ ọ́, nítorí gbogbo wọn ló ń jẹ nínú rẹ̀.

"Ẹ̀dà nìkan ni kí ẹ máa gbé sínú Àwo o!" ni ó máa ń pariwo. "Kí ojúlówó wà lọ́dọ̀ yín. Àárọ̀ Jímọ́ ni mo máa ń fọ̀ ọ́. Ẹni tó bá gbàgbé òkèlè ẹ̀ síbẹ̀, kó má bi mí."

Ẹnì kan ṣoṣo ni òfin yìí kò bá wí, ọkọ rẹ̀ ni. Tíṣà ni tolórí tẹlẹ́mù ń pè é, bó tilẹ̀ ti fẹ̀yìn tì. Lọ́dún tó kọjá, àìsàn kan mú ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lọ, ó sì mú ohùn rẹ̀ dání. Ọkùnrin tó ń fi ọ̀rọ̀ na ọmọléèwé láì gbé pàṣán, wá di ẹni tí kò lè sọ ju "hẹn" lọ. Láti ìgbà náà, ojoojúmọ́ ló ń wá jókòó ní yàrá ẹ̀yìn, tó ń fi ìka òsì kan tẹ lẹ́tà bí adìyẹ tó ń ṣa àgbàdo. Oṣù mọ́kànlá ló fi tẹ ojú ìwé mọ́kànlélógójì.

Ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo ló ń kọ ìwé náà sí, ọmọ tí Tíṣà fúnra rẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ síta lọ́jọ́ tí ọmọ náà mú àfẹ́sọ́nà wálé, tí wọn kò sì fojú kan ara wọn fún ọdún mẹ́jọ. Ìdí tó fi ti ilẹ̀kùn náà, kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ó tẹ̀ ẹ́ sójú kọ̀ǹpútà fún ìyàwó rẹ̀ pé: "Má kà á. Òun ni kó kọ́kọ́ kà á." Ìyá Asopọ̀ kò sì kà á. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń làágùn kó tó fi ọwọ́ òsì ṣe ẹ̀dà kan, àánú ṣe é, ó sì tò ó fún un kí ìwé náà máa lọ sínú Àwo tààrà. Kò sí ojúlówó kankan níbòmíràn, nítorí náà ó máa ń yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bó bá ń fọ Àwo.

Ọmọ náà wá gbà láti wá sí ilé ìtẹ̀wé náà. Ọjọ́ Jímọ́ ni, agogo mẹ́rin, wákàtí kan péré, nítorí ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀ yóò gbéra nírọ̀lẹ́. Inú Ìyá Asopọ̀ dùn láàárọ̀ ọjọ́ náà débi pé ó ń kọrin, ayọ̀ náà ni kò sì jẹ́ kó ronú. Ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ṣí Àwo, ó ṣa gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, ó sì fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá da àwòrán ńláńlá síbẹ̀ láti orí Máàkì rẹ̀, wọ́n sì ń tẹ̀ wọ́n títí di ọ̀sán.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí agogo mẹ́ta lù, Tíṣà wọlé nínú aṣọ funfun láti tẹ ìwé rẹ̀ jáde. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà. Ó tún un wò.

"Hẹn," ó wí. "Hẹn! Hẹn!"

Ìyá Asopọ̀ sáré wọlé, ó wo ojú kọ̀ǹpútà náà. "Yéè! Mo gbé! Tíṣà, ẹ forí jì mí, mo ti fọ̀ ọ́ dànù!"

Ó sáré yẹ agbọ̀n ìdọ̀tí orí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ wò, níbi tí ohun tí a pa rẹ́ máa ń bọ́ sí, ó ṣófo. Ó pe alátùn-únṣe kọ̀ǹpútà lórí fóònù.

"Ìyá, ohun tí ẹ bá jókòó sídìí tiyín pa rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, kì í gba inú agbọ̀n kọjá," ni alátùn-únṣe wí. "Ṣé ẹ ti gbé nǹkan míì síbẹ̀?"

"Láti àárọ̀ ni."

"Ẹ pa kọ̀ǹpútà yẹn báyìí, kí nǹkan míì má baà bo ìwé náà mọ́lẹ̀. Mò ń bọ̀."

Kò pẹ́ tó fi dé. Ó wá a fún ogójì ìṣẹ́jú, ohun tó rí kó jọ kò ju déètì àti "Ọmọ mi ọ̀wọ́n" lọ. Ìyókù jẹ́ àmì wúruwùru. Ìyá Asopọ̀ káwọ́ lérí. Ìbá jẹ́ pé ó kà á ni! Ìbá jẹ́ irú ìyàwó tó ń yọjú wo ìwé ọkọ, ì bá ní ohun tí yóò sọ. Ẹ ò rí i pé ìwà rere náà máa ń pani lára nígbà mìíràn?

Agogo mẹ́rin lù, ọmọ wọlé. "Ẹ káàsán, Mọ́mì." Ó yíjú sí bàbá rẹ̀. "Ẹ káàsán, sà."

"Ọmọ mi, bàbá ẹ kọ̀wé sí ẹ," ni ìyá wí. "Ojú ìwé mọ́kànlélógójì. Èmi ni mo pa á rẹ́."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Mi ò kà á."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín kíkorò. "Ọdún mẹ́jọ, Mọ́mì. Kọ̀ǹpútà ló wá jẹ ẹ́?"

Tíṣà ti padà sídìí ògbólógbòó. Ìka òsì ń lọ, ó ń ṣìnà, ó ń padà. Nígbà tí agogo márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé jí níwájú, ó sì pọ bébà kan ṣoṣo. Ìyá Asopọ̀ mú un, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò sì pọ̀ tó ohun tí ojú lè yẹra fún.

"Má bínú sí ìyá ẹ. Èmi ni mo gbé e sí ibi tí kò yẹ."

Irọ́ ni. Ìyá Asopọ̀ gan-an ló gbé e síbẹ̀, ọkọ rẹ̀ sì mọ̀. Wákàtí tí Tíṣà ní láti fi bá ọmọ rẹ̀ rẹ́, orí ìyàwó rẹ̀ ló ná an tán sí. Pẹ̀lú ẹkún ni Ìyá Asopọ̀ fi na bébà náà sí ọmọ.

Ọmọ kà á. Ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá nǹkan kù.

"Èmi ńkọ́, Bàbá?"

Tíṣà gbé ìka òsì rẹ̀, ó ń wá lẹ́tà àkọ́kọ́. Awakọ̀ tó gbé ọmọ náà wá ti ń fọn fèrè níta.