Sáfà Tó Relé Ọkọ ní Ìtòrí

Bí ẹ bá fẹ́ rí obìnrin tó ń jowú nítorí ẹ̀rọ, ẹ wá wo Fàòsíyà, aládùúgbò mi ní Adígbẹ. Èmi ń ránṣọ, òun ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ògiri kan ló là wá láàárín. Sáfà tí mò ń wí yìí, àpótí irin dúdú kan ni. Òun ló gbé ètò kan dúró lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń bá àwọn tó ń fi fóònù kọ Yorùbá fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ kan ló ṣe ètò náà lọ́fẹ̀ẹ́, orí Wásáàpù ni wọ́n ti ń ṣèpàdé. Bí sáfà bá kú, ètò dákẹ́ nìyẹn. Ṣọ́ọ̀bù Fàòsíyà ni wọ́n gbé e sí láti ìbẹ̀rẹ̀. Àbíkẹ́ ló ń pè é, kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn nu eruku ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n iná ìjọba kì í gbọ́ ti ẹnikẹ́ni, jẹnẹrétọ̀ Fàòsíyà sì ń wúkọ́ ju bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ. Ni Ifáṣèyí, tíṣà kan tó ń gbé abúlé nítòsí Ìtòrí, tóun náà wà nínú ẹgbẹ́, bá ní sólà wà lórí ilé bàbá òun, òun á gba sáfà lálejò lọ́fẹ̀ẹ́. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Fàòsíyà náà fi àtẹ́wọ́ ránṣẹ́, ó wá jókòó sọ́dọ̀ mi, ó ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn, kí ló dé tí wọn ò ra sólà fún òun. Mo ní ẹ̀rọ ò nídìí. Kò rẹ́rìn-ín.

Wọ́n gbé sáfà lọ sílé Ifáṣèyí, àtìgbà náà ni owú ti ń jẹ ẹ́. Tó bá kírun àárọ̀ tán, fóònù ló máa yẹ̀ wò bóyá sáfà ti kú. Tó bá rí i pé ó ń ṣiṣẹ́, ẹ̀kọ kì í lọ lọ́fun rẹ̀.

Ọdún Ògún dé nílé Ifáṣèyí. Lọ́jọ́ náà, irin kì í ṣiṣẹ́ lágbo ilé wọn. Àdá, ọkọ́, títí kan ọ̀kadà, wọn á kó wọn jọ síwájú Ògún, wọn á ta ẹmu sí wọn lára. Ifáṣèyí ti lọ síléèwé tó ti ń kọ́ni. Bàbá rẹ̀, Ògúnfọwọ́kàn, wo sáfà, ó ní ṣé irin tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru ló máa wá wòran lọ́jọ́ ọdún? Ó yọ ọ́ nínú iná, ó gbé e sáàárín àwọn àdá, ó sì ta ẹmu sí i. Ètò dákẹ́.

Inú Fàòsíyà dùn débi pé ó ra àkàrà fún mi. Ó lọ gbé Àbíkẹ́ wálé. Ojú mi ló ṣe nu ẹmu kúrò nínú rẹ̀, tó sá a gbẹ, tó sì tàn án. Ó ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kejì kí wọ́n tó pe ìrun ọ̀sán. Síbẹ̀ ó kọ̀wé sí ẹgbẹ́ pé ó bàjẹ́ gan-an, ó gbọ́dọ̀ wà lójú òun. Wọ́n dúpẹ́. Mo wo ojú rẹ̀, ó gbójú sápá ibòmíràn.

Jẹnẹrétọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ ikọ́ rẹ̀. Ètò ń kú, ó ń jí. Ẹnikẹ́ni ò bá a wí, ṣebí aláìsàn ló ń tọ́jú. Àfìgbà tí Ifáṣèyí pè é lọ́jọ́ kan.

“Àǹtí, bàbá ní ṣé ara rẹ̀ ti yá? Wọ́n ní bí kò bá tíì yá, àwọn ń bọ̀ wá bẹ̀ ẹ́ wò.”

Fàòsíyà gbé fóònù sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó fi àdìrẹ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rán fún un wé Àbíkẹ́, ó ní kí n sin òun, a wọkọ̀ ní Kútọ̀. Kọ̀ńdọ́ ní kó gbé ẹrù sẹ́yìn ọkọ̀, ó kọ̀, orí itan rẹ̀ ló gbé e títí a fi dé.

Baba dìde lórí àga, ó ṣí fìlà. Ó bi í bóyá ara ẹ̀rọ ti le.

Fàòsíyà kúnlẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lọ́wọ́. “Kò ṣàìsàn, Baba. Èmi ni n kò fẹ́ kó padà wá.”

Baba wo ẹrù ọwọ́ rẹ̀. Ó wá béèrè orúkọ tó ń pè é.

“Àbíkẹ́ ni.”

“Àbíkẹ́, káàbọ̀ sílé.” Baba na ọwọ́ méjèèjì. Ó pẹ́ díẹ̀ kí Fàòsíyà tó jọ̀wọ́ rẹ̀.