Ìwé Tí Mo Ní Kí Gbogbo Wọn Kà

Ní Jímọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí n tó jókòó sídìí káúńtà ní súpámákẹ́ẹ̀tì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Al Satwa, mo máa ń kọ ìbéèrè kan náà sójú WhatsApp ẹgbẹ́ wa: kí ni kálukú ń kà lọ́wọ́? Èèyàn mẹ́sàn-án ni wá, ọmọ Yorùbá ni gbogbo wa, iṣẹ́ ló sì kó wa wá sí Dubai àti Sharjah. Èmi ni mo dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, èmi náà ni mo ṣe òfin rẹ̀. Òfin kan ṣoṣo ni: má sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó ka ìwé tí ìwọ fúnra rẹ ò tíì kà tán.

Òfin yìí ò tu irun kankan lára wọn. Ọkùnrin kan wà láàárín wa tó máa ń bá àwọn oníṣòwò di ẹrù láti Deira, àdúgbò ọjà ní Dubai níbí, lọ sí Èkó. Ní gbogbo Jímọ̀ ni yóò gbé àwòrán ìwé òyìnbó kan jáde, ìwé bí èèyàn ṣe ń di olówó. "Must read, my people. This one go change your life." Bí mo bá bi í pé kí ló wà ní orí kejì, á ní, "Sister mi, ẹ ṣáà kà á." Àwọn tó kù á fi àtàńpàkò sí i, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Inú máa ń bí mi débi pé màá ju fóònù sínú báàgì. Ohun tí mò ń wá ò ju ẹnì kan tí mo lè bi pé, kí lo rò pé obìnrin inú ìwé yẹn ń wá tó fi ṣe bẹ́ẹ̀? Obìnrin mẹ́fà la wà nínú yàrá wa ní Al Muteena, ní Deira, kálukú ló wà lẹ́yìn kọ́tìnì bedspace rẹ̀, ìyẹn ibùsùn kan ṣoṣo tó háyà. Tí mo bá ka ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín, inú ìrọ̀rí ni mo ti máa ń rín in.

Nígbà òtútù tó kọjá, màmá kan tó máa ń wá ra ọjà ní Deira bá mi mú ìwé ìtàn Yorùbá kan bọ̀ láti Èkó. Ìtàn agbẹ̀bí kan ni. Ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo jí ìwé ilẹ̀ ilé wọn gbé, ó ta ilẹ̀ náà, ó sá lọ. Lẹ́yìn ọdún mẹ́tàdínlógún, ọmọ padà dé, ó ń kan ilẹ̀kùn. Inú metro, ọkọ̀ ojú irin ìlú yìí, ni mo ti kà á, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì kọjá ibi tó yẹ kí n ti sọ̀.

Ó ku bí ogójì ojú ewé kí n parí rẹ̀ nígbà tí Jímọ̀ dé, mi ò sì lè mú un mọ́ra mọ́. Mo sọ ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko sínú fóònù, mo fi ránṣẹ́ sí wọn. Mo ní, "Ẹ wá ìwé yìí kà, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìparí rẹ̀ á pa yín lẹ́nu mọ́." Ìparí tí èmi alára ò tíì dé. Mo rò pé kó tó di ọ̀la màá ti kà á dé bẹ̀, irọ́ náà á sì di òótọ́. Àfi bí ẹ̀gbọ́n kan nínú ẹgbẹ́ wa, tó ń ṣe síkiọ́ríítì ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Jebel Ali, ṣe dáhùn lójú ẹsẹ̀: "Àbúrò, jọ̀ọ́, yá mi. Day off mi ni lónìí, mò ń bọ̀ ní Satwa." Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé kó dúró, pé èmi aṣòfin ò tíì kà á tán? Mo gbé ìwé fún un lẹ́nu ọ̀nà súpámákẹ́ẹ̀tì, mo tún ń rẹ́rìn-ín. Ẹnu mi ló kó bá mi.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, ó di oṣù kan àbọ̀. Bí mo bá ń fi ìrẹsì oníbàárà kọjá lójú ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ agbẹ̀bí yẹn ni mò ń rò. Ṣé á ṣílẹ̀kùn, àbí kò ní ṣí i? Màmá tó bá mi mú ìwé wá ò kà á. Ó ní àwòrán iwájú ìwé náà ló wu òun tí òun fi rà á. Mo wá irú rẹ̀ kiri níbí, mi ò rí.

Gbogbo ìbínú mi wá dórí ẹ̀gbọ́n yìí. Bí Jímọ̀ bá ti dé, màá bi í lójú gbogbo ẹgbẹ́: "Ẹ̀gbọ́n, ojú ewé mélòó lẹ ti kà?" Á ní, "Mò ń bá a bọ̀, àbúrò. Small small." Mo mọ̀ pé wákàtí méjìlá ló fi ń dúró lẹ́nu iṣẹ́ lójúmọ́. Mo mọ̀ pé àwọn mẹ́jọ ló wà nínú yàrá kan. Mo mọ̀ ọ́n, mi ò kàn kà á sí ni. Ní Jímọ̀ kan, mo kọ ọ́ pé, "Tó bá jẹ́ ìrọ̀rí lẹ fẹ́ fi ìwé ṣe, ẹ dá a padà fún ẹni tó máa kà á." Àwọn kan fi ẹ̀rín sí i. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́.

Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tí ìsinmi wa bá ṣe kòńgẹ́, a máa ń pàdé ní Sharjah, létí omi, a ó tẹ́ ẹní sórí koríko, a ó máa sọ ọ̀rọ̀ ìwé. Ní ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, mo ti pinnu nínú ara mi: màá gba ìwé mi, màá ka ogójì ojú ewé yẹn nínú bọ́ọ̀sì kí n tó padà dé Deira, ẹnikẹ́ni ò sì ní mọ̀. Ẹ̀gbọ́n dé, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Èmi ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, mi ò kí i. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìwé mi dà?"

Ó kọ́kọ́ jókòó. "Wọ́n ti gbà á. Mò ń kà á lórí duty, supervisor rí mi lórí camera. Ó ní khalas, pé ó ti parí, ó jù ú sínú dustbin."

Wọn ò gbà kí síkiọ́ríítì mú ìwé tàbí fóònù dání lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ti fún un ní lẹ́tà ìkìlọ̀ lẹ́ẹ̀kan tẹ́lẹ̀. "Wọn ò ní renew contract mi mọ́," ló wí. "Month end ni mò ń lọ sílé."

Mo bi í pé kí ló dé tó fi ń kà á lẹ́nu iṣẹ́.

"Wọ́n máa ń tètè paná nínú room wa. Ìwọ náà sì ń béèrè ní gbogbo Friday. Mi ò fẹ́ kí ojú tì mí."

Kò bínú. Ì bá sàn fún mi ká ní ó bínú. Mo fẹ́ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ń wò wá, mi ò kúnlẹ̀. Òun ló tún ń fi mí lọ́kàn balẹ̀, ó ní ohun tó dun òun jù ni pé òun ò parí ìwé náà.

"Ibi tí ọmọ yẹn ti ń kan ilẹ̀kùn ni wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ mi," ló wí. "Àbúrò, ṣé ìyá ẹ̀ ṣí i?"

Ẹni tí mo ti ń wá láti ọjọ́ yìí ló jókòó níwájú mi, ẹni tí ọ̀rọ̀ agbẹ̀bí yẹn ká lára bó ṣe ká mi lára. Gbogbo wọn kọjú sí mi.

"Ó ṣí i," ni mo wí. "Ó bu omi fún un, ó ní kó lọ wẹ̀, kó wá jẹun." Irọ́ ń jáde lẹ́nu mi geerege. Mo tún fi ẹkún sí i, mo fi àwọn aládùúgbò sí i.

Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ bojú. "Mo ti rò pé kò ní ṣí i," ló wí. "Ọkàn mi balẹ̀ báyìí."

Mò ń sọ fún ara mi pé àánú rẹ̀ ló ṣe mí. Nínú bọ́ọ̀sì ni mo ti gbà pé kì í ṣe àánú. Iyì ara mi ni mò ń bò, lójú ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí mi. Ó wọkọ̀ òfuurufú lọ sílé ní ìparí oṣù náà, mi ò sì lè béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́ pé kí ló ń kà.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ á bá a. Tèmi ò lò tó oṣù mẹ́ta. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n wọlé láti Èkó. Èmi nìkan ló kọ ọ́ sí, kò kọ ọ́ sójú ẹgbẹ́.

"Àbúrò mi, ṣé dáadáa lo wà? Mo rí ìwé yẹn rà. Mo ti kà á tán. Bó o ṣe sọ ọ́ kọ́ ló ṣe parí."

Ọkùnrin tí mò ń ṣírò ọjà fún ń sọ pé yalla, yalla, kí n yára. Ọ̀rọ̀ kejì tẹ̀ lé e:

"Mi ò ní sọ fún àwọn tó kù. Ṣé kí n sọ ìparí ẹ̀ fún ẹ, àbí kí n fi ìwé náà rán èèyàn sí ẹ, kó o kà á fúnra ẹ?"