Ẹ́ńjìnnì Tó Ń Mu Ọ́ìlì Tó Tún Ń Bí I

Òórùn ọ́ìlì tó ń jóná ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Kò jọ ti epo pupa tó gbóná jù lórí iná, kò sì jọ ti èéfín igi. Ó máa ń há èèyàn lọ́nà ọ̀fun, á sì lẹ̀ mọ́ aṣọ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Òórùn yẹn ló kún àgbàlá mẹkáníìkì wa ní Baṣọ̀run, níbi tí èmi àti ọkọ mi ń gbé mọ́tò wa lọ ní àárọ̀ Sátidé nígbà náà. Tòkunbọ̀ ni mọ́tò náà. Òyìnbó ti lò ó gbó kó tó dé ọwọ́ wa, àwa náà sì ti gùn ún dé ibi tí a ò kà mọ́. Òun ni ọkọ mi fi ń kó ọjà rẹ̀ lọ sí Bódìjà, òun náà la fi ń jẹun.

Ó yẹ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ ọ́ìlì fi máa ń já mi láyà. Ọdún méjì ṣáájú ìgbà náà, mo wọ takisí láti Ògbómọ̀ṣọ́. Iná pupa kékeré kan tàn níwájú dẹ́rẹ́bà, mo sì fi hàn án. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, irọ́ ni iná yẹn máa ń pa." Kò pẹ́ tí ẹ́ńjìnnì fi nọ́ọ̀kì, nítorí pé ọ́ìlì ti tán nínú rẹ̀. Mọ́tò dúró gbagidi láàárín títì, tírélà tó ń bọ̀ lẹ́yìn sì kọlù wá. Àwa márùn-ún la wọkọ̀. Àwa méjì la jáde. Mo sọ fún gbogbo èèyàn, títí kan ọkọ mi, pé ẹ̀rù ti kúrò lára mi, wọ́n sì gbà mí gbọ́, nítorí mo tún ń wọ mọ́tò lọ síbi iṣẹ́ ní Dùgbẹ̀.

Nígbà tí ọ́ìlì mọ́tò tiwa wá bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, tí a ò sì rí ẹ̀kán kan nílẹ̀, a gbé e lọ bá mẹkáníìkì, bàbá àgbàlagbà kan láti Ṣakí, tí kì í kánjú sọ̀rọ̀. Ó ní bí èéfín bá ń jáde kìkì ìgbà tí a bá kọ́kọ́ ṣáná sí i láàárọ̀, rọ́bà ara fáàfù ló ti gan. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ ńlá. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń rú èéfín lọ lójú ọ̀nà láìdáwọ́ dúró, òrùka ara písítìn ló ti gbó, àfi kí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀. Ó da ọ́ìlì dé ojú àmì lára géèjì, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n.

"Ẹ má fi nǹkan kan kún un títí Sátidé," ó ní. "Ohun tó bá mu ló máa sọ àìsàn tó ń ṣe é."

Mi ò lè ṣe é. Láràárọ̀, bí ọkọ mi bá ti wọ balùwẹ̀, màá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, màá da ọ́ìlì díẹ̀ sí i láti inú kẹ́ẹ̀gì tí mo fi pamọ́ sẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù omi.

Nígbà tí Sátidé pé, bàbá náà fa géèjì yọ, ó nù ún, ó tì í padà, ó tún fà á yọ. Ọ́ìlì ti kọjá àmì.

"Bàbá Ìbejì," ó pe ọkọ mi, "ẹ́ńjìnnì tí ẹ ní ó ń mu ọ́ìlì, ó ti ń bí i báyìí o! Ẹ lọ wá oyin àti àtàárè, ìkómọ ti dé."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Tèmi ló ròkè jù. Bàbá náà gbóòórùn ọ́ìlì náà bóyá bẹntiróòlù ló ń jò sínú rẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fi ìka méjì ra á wò bóyá omi ló wọ inú rẹ̀. Kì í ṣe omi. Ó ní ká lọ lò ó sí i fún ọ̀sẹ̀ kan. Lọ́sẹ̀ yẹn, èéfín búlúù bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé wa kiri ìgboro. Mo ti gbọ́ pé ọ́ìlì kọjá àmì, ṣùgbọ́n dẹ́rẹ́bà takisí yẹn náà ti ní kí n fọkàn balẹ̀ rí. Mo rò pé ọ́ìlì ló ń jó tán, mo sì ń dà kún un.

Ní Sátidé kejì, bàbá náà ká ọwọ́ lérí. "Ọ̀rọ̀ yìí rú mi lójú. A máa tú u ni." Ó tẹ́ àpò, ó to sípánà sí i. Ojú ọkọ mi rẹ̀wẹ̀sì; ta ló mọ ìgbà tí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n bá tú yóò padà bọ̀ sípò? Ọ̀rọ̀ náà rú èmi náà lójú. Ṣé ohun tó ṣaláìní kọ́ ni mo ń fún un? Bí mo bá sì sọ̀rọ̀, wọ́n á mọ̀ pé irọ́ ni mo ti ń pa láti ọdún méjì. Mo gbọ́ tí nọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ ké.

"Bàbá, ẹ dúró. Èmi ni mò ń da ọ́ìlì sí i."

"Ìyá Ìbejì? Ẹ̀yin kẹ̀?"

"Láràárọ̀ ni, sà."

Ó jókòó sórí táyà. "Ẹ ti bọ́ ọ yó! Ọ́ìlì tó pọ̀ jù ló ń wá ibi sá gbà, tó ń lọ jóná. Díẹ̀ ló kù kí n la ikùn ẹni tó kàn yó."

Ọkọ mi ò rẹ́rìn-ín. Ó bi mí jẹ́jẹ́ pé, "Ṣé ẹ̀rù ṣì ń bà ọ́ ni?" Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Wọ́n fa èyí tó lé kúrò, mo sì gbé kẹ́ẹ̀gì mi fún bàbá náà. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mi ò fọwọ́ kàn án, ọwọ́ sì ń yún mi láràárọ̀. Ọ́ìlì dín díẹ̀, èéfín sì ń jáde kìkì ìgbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣáná. Rọ́bà fáàfù ni. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, mọ́tò sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Títí di òní, mi ò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé ọ̀rọ̀ náà yé mi. Ohun tí mo fi ń dáàbò bo ilé mi ló fẹ́ ba nǹkan jẹ́. Tí mo bá pe àwọn ọmọ lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí wọ́n tó dé àdúgbò Chálẹ́ńjì, mo máa ń bi ara mi bóyá ìtọ́jú ni àbí ẹ̀rù. Nígbà mìíràn mo máa ń mọ̀, nígbà mìíràn mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọkọ mi bá bi mí pé ṣé ẹ̀rù ń bà mí, mi ò sọ pé rárá mọ́.