Àwọn Ìtàn Tí Bàámi Fi Bírò Pupa Fagi Lé

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fọwọ́ ara mi ṣe. Kì í ṣe ayé ló ṣe mí o, èmi ni.

Ní Ṣómólú, láàárín àwọn onítẹ̀wé, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe jẹun. Ìwé tí ẹ bá fọwọ́ kọ wá, èmi ni mo máa tẹ̀ ẹ́ kó tó bọ́ sórí ẹ̀rọ. Bàámi, tíṣà Gẹ̀ẹ́sì tó ti fẹ̀yìn tì, ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Abúlé Òkúta.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń bí wọn nínú: background. Wọ́n ní gbogbo èèyàn ló ń pè é, kò sẹ́ni tó mọ bí ìtumọ̀ rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Àwọ̀ ẹ̀yìn àwòrán, background ni. Ilé téèyàn ti wá, background. Ariwo tó ń lọ lábẹ́lẹ̀ nígbà tí ẹ̀ ń sọ̀rọ̀, òun náà ni. Bàámi bá fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí kọ ìwé pẹlẹbẹ. Ìtumọ̀ mẹ́sàn-án, ìtàn mẹ́sàn-án láti inú ayé tiwọn. Nídìí ìtumọ̀ ti ariwo ni wọ́n ti sọ bí àwọn àti màámi ṣe pàdé níbi ẹ̀rọ ìlọta ní Ìsẹ́yìn, tó jẹ́ pé igbe ni wọ́n fi kí ara wọn.

Mo tètè tẹ̀ ẹ́, torí ìgbàgbé ti ń mú wọn. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n di ìwé náà mú nígbà tí wọ́n ṣì mọ̀ pé àwọn ni àwọn kọ ọ́.

Lọ́dọ̀ wa, oníwèé ló láṣẹ. A máa gbé proof, ẹ̀dà àyẹ̀wò, fún un kó kà á, ohun tó bá fi bírò pupa fagi lé, a ó yọ ọ́ ni, a kì í béèrè ìdí.

Ní proof àkọ́kọ́, bàámi fagi lé ìtàn méjì. Mo yọ wọ́n. Nínú ìkejì, wọ́n fagi lé mẹ́ta, ti màámi náà wà níbẹ̀. Wọ́n ní ohun tí ọkùnrin inú ìtàn yìí ń sọ kò yé àwọn. Mo rẹ́rìn-ín, mo ṣebí àwàdà tíṣà ni. Kí ni ẹ̀yin ì bá rò?

Ní ẹ̀kẹta, wọn ò fagi lé nǹkan kan. Wọ́n rọra kà á tán, wọ́n dá a padà fún mi.

"Ta ló kọ èyí? Ẹ bá mi kí i. Ó mọ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Ẹ ṣeun, màdáámù."

Èmi ọmọ wọn ni wọ́n ń pè ní "ẹ".

Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Bàámi kò tún ìwé kankan ṣe. Ohun tí wọn ò rántí mọ́ ni wọ́n ń fagi lé, èmi ni mo sì ń bá wọn pa á rẹ́.

Mo sáré ṣí kọ̀ǹpútà. Orí fáìlì kan náà ni mo ti ń save gbogbo rẹ̀, tuntun ti pa ti àtijọ́ rẹ́. Ìwé ọwọ́ wọn àti àwọn proof àtẹ̀yìnwá ńkọ́? Àwọn ará ibi ẹ̀rọ ti fi nu yíǹkì, bá a ṣe máa ń ṣe é. Èmi tí mo tẹ̀ ẹ́ ńkọ́? Ẹni tó ń tẹ̀wé kì í kàwé, lẹ́tà lẹ́tà lojú wa ń rí. Màámi sì ti kú.

Ìtàn mẹ́rin ló kù, bẹ́ẹ̀ la ṣe tẹ̀ ẹ́. Ó wà lórí tábìlì bàámi, wọn kì í ṣí i.

Àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Ẹ má pa ẹ̀dà àkọ́kọ́ rẹ́, kódà bí ẹni tó ni ín bá ní kẹ́ ẹ pa á rẹ́.

Ṣé irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí yín rí? Tí ẹnì kan nínú yín bá sì ti jókòó ní kíláàsì tíṣà kan tó sọ bó ṣe pàdé ìyàwó rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ìlọta, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ síbí fún mi. Ibi tí wọ́n ti ń fi igbe kí ara wọn ni mo rántí dé.