Ọjọ́ tí Oyin Dí Àpótí Òpó ní Agoua

Kí wọ́n tó ri òpó fóònù mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé rẹ̀ ní Agoua, iṣẹ́ oko nìkan ni Awaou mọ̀. Àwọn tó ni òpó ní kó máa ṣọ́ ọ, kó máa ro ìdí rẹ̀, ó sì gbà. Nígbà tó yá, Hermann, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tún ẹ̀rọ ṣe láti Savalou, wá gbé àpótí irin kan síbẹ̀.

"Tanti, kọ̀ǹpútà ló wà nínú rẹ̀," ó wí. "Kámẹ́rà orí òpó ń wo igbó. Tẹ́lẹ̀, àwòrán rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé Kutọnu kí ẹ̀rọ ibẹ̀ tó mọ̀ pé èéfín ni. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já, kò sí èsì. Ní báyìí, ìdí òpó níbí ni yóò ti rò ó, tí yóò sì ti ránṣẹ́ sí fóònù yín."

Awaou ní ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń sunkún kì í ránṣẹ́ sí Kutọnu kó tó gbé e.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, tí afẹ́fẹ́ ń jà, fóònù gbogbo abúlé dún: iná ń bọ̀ láti inú igbó. Faïssal, ọkọ Awaou, àti àwọn àgbẹ̀ mìíràn mú àdá, wọ́n lọ gé koríko kí iná má baà wọ oko.

Kò pẹ́ tí Hermann fi pè.

"Tanti, fáànù àpótí yẹn kò yí mọ́. Ó ti gbóná jù. Bó bá tún gbóná sí i, yóò dáwọ́ iṣẹ́ dúró fúnra rẹ̀. Mo ti wà lọ́nà, ṣùgbọ́n mi ò lè tètè dé. Ẹ bá mi wò ó."

Awaou pe ọkọ rẹ̀ pé kó máa bọ̀ nílé. Ikọ́ ló kọ́kọ́ gbọ́.

"Èéfín ti yí wa ká," Faïssal wí. "Bí àpótí yẹn kò bá sọ fún wa, a ò mọ ibi tí a ó gbà jáde."

Awaou sáré lọ sídìí òpó. Oyin ló bá níbẹ̀. Wọ́n ti kọ́lé sínú ihò tí àpótí fi ń mí, afárá sì ti há fáànù mọ́. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ní Agoua pé èéfín ni a fi ń lé oyin. Ó wo koríko gbígbẹ tó yí i ká, ó wo bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gbé e. Kò dá iná.

Ó ki aṣọ bọ omi, ó fi wé orí àti apá, ó sì ti ọwọ́ bọ ihò náà. Oyin ta á létè, wọ́n ta á lójú. Ó ń fa afárá já, ó ń sọ ọ́ nù, ó ń kérora láìla ẹnu. Fáànù fì díẹ̀, ó dúró. Ó tún ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Fáànù yí.

Ó fi eré wọ ilé ìdáná, ó ti ilẹ̀kùn. Ojú rẹ̀ ti ń wú dí nígbà tí fóònù dún lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi agbára káká ka ìkìlọ̀ náà: iná ti yà sí òsì, ẹ gba ọ̀nà odò.

Ìrọ̀lẹ́ ni àwọn ọkùnrin náà dé. Awaou kò ríran mọ́. Ó fọwọ́ pa ojú Faïssal kó tó gbà pé òun ni.

"Ìdajì oko kájú wa ti jóná," ọkọ rẹ̀ wí.

"Gbogbo yín lẹ dé?"

"Gbogbo wa."

Hermann ń fi àwọ̀n irin bo ihò náà níta. Ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Tanti, ẹ dárí jì mí. Ó yẹ kí n ti ṣe èyí tẹ́lẹ̀."

Omi tútù ni Awaou ní kí wọ́n bu wá fún òun.