Èébú Tó Ṣìnà Nínú Fóònù Ìyá Zahrah

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Ìyá Zahrah ṣe jí, kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu láti kí i. Kó ṣí Wásáàpù, kó wo sítátọ́ọ̀sì rẹ̀. Bí inú rẹ̀ bá dùn, àwòrán òdòdó ló máa ń wà níbẹ̀ pẹ̀lú àdúà. Bí inú rẹ̀ kò bá dùn, òwe ni. Lọ́jọ́ tí òwe bá ti wà níbẹ̀, kí oníkálukú tètè yẹ ìwà ara rẹ̀ wò.

Ummu-Kulthum lorúkọ rẹ̀ gan-an. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni, agbo ilé kan náà la jọ ń gbé ní Pákàtà, nítorí náà ohun tí mo ń sọ kì í ṣe àgbọ́sọ. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ọ̀fà Garage, níbi tó ti ń ta híjáàbù, tẹ̀sùbáà, bùútà àlùwàlá àti dàbínù fún àwọn tó ń wọkọ̀. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú mi wọ agbo ilé yìí, n kò rí i kó bá ẹnikẹ́ni jà lójúkojú, nítorí kí ọ̀rọ̀ tó dé ẹnu rẹ̀, omi ti dé ojú rẹ̀. Nígbà tí ayé wá gbé sítátọ́ọ̀sì dé, ó rí ẹnu. Ẹni tó bá ṣẹ̀ ẹ́ yóò ka òwe tirẹ̀ láàárọ̀, yóò wá bẹ̀ ẹ́ nírọ̀lẹ́, wọn yóò jọ rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á parí. Àwa tá a mọ̀ ọ́n ti gbà á bẹ́ẹ̀. Bàbá Zahrah tilẹ̀ máa ń sọ pé fóònù náà ń bá òun dín ariwo kù nínú ilé.

Ẹni tí òwe rẹ̀ máa ń bá wí jù ni Asabe, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé-kéwú, tó ń ta tùràrí ní Gàmbàrí. Ilẹ̀ Hausa ni àwọn baba ńlá Asabe ti wá, àmọ́ Ìlọrin ni wọ́n bí òun àti baba tó bí i sí, kò sì sí ẹni tó lè fi Yorùbá rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Òun kì í pòwe. Ohun tó bá wà nínú rẹ̀ ló wà lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín ni yóò sì fi gbé e jáde. Òun ló gbé Zahrah jáde lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ó sì ti wà nílẹ̀ tipẹ́ pé òun náà ni yóò ṣáájú àwọn obìnrin tí yóò sin Zahrah lọ sílé Abdulmateen, ọkọ rẹ̀, bí wọ́n bá ti so yìgì tán. Yìgì náà sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀ nígbà tí ìjà dé.

Àsálátù ọjọ́ Àìkú ló ti bẹ̀rẹ̀. Àfáà Habibullah ń ṣe wáàsí, wáàsí náà sì gùn. Oorun gbé Ìyá Zahrah lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun. Àwọn tó jókòó tì í fẹ́ jí i, Asabe ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, pé ó ti wọ bàálù lọ sí Mẹ́kà, kí wọ́n má jẹ́ kó já bọ́ lójú ọ̀run. Ẹ̀rín bú. Nígbà tí a ó fi túká, gbogbo obìnrin àsálátù ló ń kí i pé, Alhaja, ẹ kú àbọ̀.

Ẹ̀rín nìyẹn lójú àwa tá a rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Ìlọrin la wà. Àwọn obìnrin tí Ìyá Zahrah fi ọjọ́ orí jù ń jẹ́ Alhaja lọ́tùn-ún lósì, òun kò tíì lọ. Lọ́dún yìí, owó ilé-ìwé Zahrah ní yunifásítì Malete ló dí i lọ́nà, lọ́dún mìíràn àìsàn ọkọ, lọ́dún mìíràn owó bàálù tó lọ sókè. Kò sí ìrun tó ń kí tí kì í fi tọrọ àtidé ilé Ọlọ́run. Ojú egbò gan-an ni àwàdà náà bọ́ sí. Ó bá wọn rẹ́rìn-ín níbẹ̀, ó délé, kò jẹun.

Ó pẹ́ tí fóònù rẹ̀ ti ń sọ pé àyè kò sí mọ́ nínú òun. Àwòrán Ẹ kú Jímọ̀ọ̀ tí àwọn ènìyàn ń fi ránṣẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló kún un. Nọ́ḿbà ènìyàn kì í wúwo nínú fóònù. Ìyá Zahrah ní rárá, ènìyàn ló pọ̀ jù níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì àsálátù, ó pe èmi àti Zahrah kí a wá ṣe ẹlẹ́rìí, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí adájọ́, ó ń pa nọ́ḿbà wọn rẹ́. Kápẹ́ńtà Tó Sá lọ. Ẹlẹ́dìyẹ Òkè-Oyi lọ, nítorí adìyẹ tó kú lọ́nà. Ó dé ọ̀dọ̀ ẹnì kan tó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pé Má Gbé E, kò sì rántí ẹni tó jẹ́ mọ́. Ó fẹ́ pè é láti bi í. Zahrah ló di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Lẹ́yìn náà ló kan Asabe. Zahrah bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe é. Fóònù alára bi í bóyá ó dá a lójú. Ó dá fóònù lóhùn sókè ketekete pé ó dá òun lójú, ó sì fi àtàńpàkò tẹ̀ ẹ́.

Ohun tí èmi àti òun kò mọ̀ nígbà náà, tí Zahrah kò sì rántí sọ, ni pé Wásáàpù kì í fi sítátọ́ọ̀sì ẹni han ẹni tí a ti pa nọ́ḿbà rẹ̀ rẹ́. Láti ọjọ́ náà lọ, Ìyá Zahrah lè bú Asabe títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, gbogbo ayé ni yóò rí i, àfi Asabe.

Ó sì bú u. Òwe àkọ́kọ́ tó gbé síbẹ̀ ni pé ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Oòrùn kò tíì kanrí tí Hadiyyah, télọ̀ tó ń bá a rán híjáàbù, fi dé ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú àpò nílọ́ọ̀nù kan, ojú rẹ̀ wálẹ̀. Ó ní òótọ́ ni, òun ló ń gé aṣọ ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbẹ́, òun ló fi rán ti ọmọ òun, kí Ìyá Zahrah ṣàánú òun. Ìyá Zahrah kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó gba aṣọ rẹ̀, ó ní kò sí wàhálà, ó wá sọ fún mi nílé pé ayé yìí burú.

Ní ọjọ́ kejì, ó kọ ọ́ pé bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Bàbá Zahrah ló ru ẹrù ìyẹn. Ó ra wàrà bọ̀ láti ìta, ó jókòó ti ìyàwó rẹ̀, ó jẹ́wọ́ pé òun ló ń jẹ dàbínù inú páálí láti ọjọ́ yìí. Èkúté ni Ìyá Zahrah ti ń fẹ̀sùn kàn, ó ti lọ gbé ológbò wá nítorí rẹ̀, ológbò náà sì ti sanra sí wa lọ́rùn láìpa ẹyọ kan.

Nígbà tó kọ ọ́ pé ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ kò kún agbọ̀n, ẹnu Asabe ló ní lọ́kàn. Àfáà Habibullah ló fèsì. Ó fi ohùn ránṣẹ́ pé òun ti gbọ́, pé láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, wáàsí kò ní gùn mọ́. Gbogbo àsálátù ló ṣàdúà fún Ìyá Zahrah. Èmi náà jẹ nínú rẹ̀ o. Mo ka ti kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́ tó jẹ́ pé ìdí ẹ̀fọ́ ló wà, mo lọ fọ ìkòkò rẹ̀ tó ti pẹ́ lọ́dọ̀ mi, mo gbé e sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, mo sì yára kúrò níbẹ̀.

Gbogbo ẹni tí òwe náà kì í ṣe tirẹ̀ ló wá bẹ̀bẹ̀. Asabe nìkan ni kò wá. Inú Ìyá Zahrah tó ń bí bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Lójú tirẹ̀, Asabe ń ka gbogbo rẹ̀, ó ń kà á, ó ń gbọn ún dànù. Nígbà kan náà yìí ni nọ́ḿbà kan tí kò lórúkọ kò jẹ́ kó sinmi, tó ń pè é láàárọ̀, tó ń pè é lálẹ́. Ó ní gbájúẹ̀ ni wọ́n, kò gbé e. Ó tilẹ̀ ṣépè fún wọn lẹ́ẹ̀kan pé Ọlọ́run yóò gbé iṣẹ́ gidi lé wọn lọ́wọ́.

Yìgì ń sún mọ́lé. Zahrah bi ìyá rẹ̀ ta ni yóò ṣáájú àwọn tí yóò sin òun. Ó ní wọn yóò rí ẹlòmíràn. Zahrah ní òun kò fẹ́ ẹlòmíràn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ohun tí a rí lórí sítátọ́ọ̀sì kì í ṣe òwe mọ́. Hàdíìsì ni, pé kò tọ́ kí Mùsùlùmí yan arákùnrin rẹ̀ lódì ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Ìyẹn kì í ṣe èébú, ẹ̀bẹ̀ ni. Àwọn ìbátan ọkọ rẹ̀ méjì tí wọn kì í kí ara wọn tẹ́lẹ̀ kà á, wọ́n jọ jẹun lọ́jọ́ náà. Asabe kò fọhùn.

Ó wọlé tọ̀ mí wá. Ó ní, "Ìyá Haneef, ó ti parí. Asabe ò fẹ́ mi mọ́."

Mo ní kó dìde lọ sí Gàmbàrí, pé kì í ṣe òkè òkun. Ó ní bí òun bá débẹ̀ tí Asabe kò dá òun lóhùn ńkọ́. Inú bí mi, n kò purọ́, nítorí àgbà obìnrin ni. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń nu ojú rẹ̀, àánú rẹ̀ ṣe mí.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni kẹ̀kẹ́ kan dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. Hadiyyah wà lágbàlá tó ń wọn aṣọ yìgì lára Zahrah, Bàbá Zahrah wà lórí ẹní rẹ̀, èmi ń ṣa ìrẹsì. Asabe ló sọ̀kalẹ̀, híjáàbù rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò kí ẹnikẹ́ni. Yàrá tí Ìyá Zahrah dùbúlẹ̀ sí ló ń bèèrè lọ́wọ́ mi. Mo ní kò dùbúlẹ̀, ẹ̀yìn ilé ló wà. Kí n tó pè é, òun fúnra rẹ̀ ti gbọ́ ohùn, ó ti yọ, ọwọ́ rẹ̀ kún fún ọṣẹ.

Asabe wò ó látòkè délẹ̀. Ó ní, "Ummu, wálláhì, mo rò pé o ti kú ni."

"Kí ló fẹ́ pa mí?" Ohùn Ìyá Zahrah le.

"Láti ọjọ́ àsálátù yẹn ni mo ti mọ̀ pé mo ṣẹ̀ ọ́. Mo wá ń retí èébú rẹ. Ilẹ̀ mọ́, kò sí. Ilẹ̀ tún mọ́, kò sí. Mo pè ọ́ títí, o ò gbé e. Haba, Ummu, o ò ṣe báyìí sí mi rí."

Ìyá Zahrah ya ẹnu. Ó ní, "Mo bú ọ o. Mo bú ọ dáadáa. Ojoojúmọ́ ni mo ń bú ọ."

Asabe ní níbo. Zahrah, tó ti lóye ohun tó ṣẹlẹ̀, ló bá wọn là á, pé ẹni tí Màámi pa nọ́ḿbà rẹ̀ rẹ́ kò lè rí ohun tí Màámi ń gbé síbẹ̀, pé nọ́ḿbà Màmá Asabe yìí ni gbájúẹ̀ tí Màámi ń ṣépè fún. Bàbá Zahrah ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Zahrah ń wo fóònù bí ẹni pé fóònù ló jẹ̀bi.

Asabe kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bí mo bá ti kírun àsùbá tán, sítátọ́ọ̀sì rẹ ni mo kọ́kọ́ máa ń wò, kí n lè mọ̀ pé o jí." Ó wá ní kí Ìyá Zahrah gbé èébú òun fún òun níbẹ̀, òun kò ní jẹ́ kí ẹlòmíràn jẹ ìpín òun.

Àwọn òwe náà ti parẹ́ nínú fóònù, Ìyá Zahrah kò sì rántí gbogbo wọn mọ́. Àwa tí wọ́n bà la rántí. Hadiyyah ka ti ata, kò ṣì í. Bàbá Zahrah ka ti ikú ilé láìgbójú sókè. Èmi náà ka ti kòkòrò. Asabe ń fetí sí wa títí a fi kà á tán.

Ó ní, "Kò sí èyí tó tó ohun tí mo ṣe. Àdúà rẹ ni mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ láàárín àwùjọ."

Ìyá Zahrah ní, "Èmi náà mọ̀ pé kò tó. Èyí tó tó wà nínú mi, mi ò lè kọ ọ́."

"Sọ ọ́ fún mi."

Omi ti dé ojú rẹ̀ bó ṣe máa ń dé, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí kò dákẹ́. Ó ní, "Mẹ́kà tí mo ń tọrọ láti ọjọ́ yìí, Asabe, àwa méjèèjì ni mo ń tọrọ ẹ̀ fún. Mi ò dá a tọrọ fún ara mi nìkan rí."

Asabe jókòó sílẹ̀ níbi tó dúró sí, lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì fi etí híjáàbù bo ojú rẹ̀.