Ohùn Tó Ń Bọ̀ Lẹ́yìn Ẹnu

Kọ̀ǹpútà tó ti gbó ní òórùn tirẹ̀. Eruku tó gbóná, wáyà tó fẹ́ẹ́ jó, àti iyọ̀ tí afẹ́fẹ́ òkun ń gbé wọ ṣọ́ọ̀bù wa ní Àgbádárìgì, gbogbo rẹ̀ á pa pọ̀, á máa ta èèyàn nímú. Títí dòní, bí mo bá gbóòórùn yẹn níbikíbi, ìyá kan tó ń yan ẹja ní Ajídò ló máa ń wá sí mi lọ́kàn, inú mi kì í sì í dùn.

Ìwọ náà mọ irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe nígbà yẹn: ká ya fídíò ìgbéyàwó, ká gé e, ká tò ó, ká fi orin sí i. Èmi àti ọkùnrin kan tá a jọ kọ́ṣẹ́ la ni ṣọ́ọ̀bù náà. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo la ní, arúgbó ni, ètò kan ṣoṣo tá a fi ń gé fídíò ló sì bá dàgbà. Ètò yẹn mọ ọwọ́ mi, èmi náà mọ ìwà rẹ̀. Àfi bí ẹnìkejì mi ṣe lọ gbé ètò tuntun dé láti Èkó, tó ní irú rẹ̀ ló láyé báyìí, tó sì gbé e lé orí ti àtijọ́ láì bi mí. Mo ní, "O fẹ́ ìyàwó lé ìyálé nínú yàrá kan ṣoṣo. Ojú ẹ á rí i." Ó rẹ́rìn-ín.

Ojú wa rí i lóòótọ́. Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì fi ń ka ohùn nínú kọ̀ǹpútà. Ìyàwó ti fi tirẹ̀ rọ́pò ti àtijọ́, ìyálé ò sì mọ̀ ọ́n lò. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ṣí fídíò nínú ètò mi, ẹnu á kọ́kọ́ máa lọ, ohùn á wá máa wọ́ bọ̀ lẹ́yìn. Àlùfáà á ti jókòó kí àdúrà rẹ̀ tó dé. A kọ́kọ́ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Fídíò ìgbéyàwó ọmọbìnrin ìyá Ajídò yìí wà lára iṣẹ́ tó há síbẹ̀. Kí n tó rí ojútùú, ìròyìn dé pé omi ti gbé ẹ̀gbọ́n ọmọbìnrin náà lọ, èyí ọkùnrin. Awakọ̀ ojú omi ni. Òun nìkan ló wà nínú ọkọ̀ nígbà tí ìjì ká a mọ́ ojú òkun. Wọ́n rí ọkọ̀ náà níbi tó dojú dé sí, wọn ò rí òun. Wọ́n wá a títí lọ sí ọ̀nà Kútọnu. Àwọn àgbà ní ọmọ mi kú sàn ju ọmọ mi sọnù lọ. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe korò tó.

Ìyá náà wá bá wa. Èéfín ẹja ń rùn lára aṣọ rẹ̀. Ègùn ni, Yorùbá ò fi bẹ́ẹ̀ yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. A fún un lága, kò jókòó. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí n rí ọmọ mi. Níbi tó ti ń bá àbúrò ẹ̀ sọ̀rọ̀."

Mo fẹ́ yẹ̀ ẹ́, torí ohùn tó ń wọ́ yẹn ń tì mí lójú. Kò gbà. Ni mo bá ṣí i. Ọmọ náà yọ nínú aṣọ funfun, ó ga, ó dúró síwájú àga rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ń mì, a ò gbọ́ nǹkan kan. Ó rẹ́rìn-ín, ó kẹ̀yìn sí wa, ó jáde kúrò nínú àwòrán. Ìgbà tó ku àga nìkan ni ohùn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: "Àbúrò mi, bílé ọkọ bá jìnnà, ọkọ̀ mi ò jìnnà. Ṣáà pè mí. Màá dé."

Ìyá fọwọ́ bo ẹnu. "Ovi ṣie, ovi ṣie," ó ń pe ọmọ rẹ̀ lédè Ègùn. Mo rò pé ohùn tó ń wọ́ yẹn ló dá kún ẹ̀dùn rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Ẹ má bínú, mà, kọ̀ǹpútà ló ń ṣàìsàn. Màá tún un ṣe." Ó wò mí, ó sì lọ.

Inú kọ̀ǹpútà yẹn nìkan ni fídíò náà wà láyé. A ti fi mẹ́mórì kámẹ́rà ya òde mìíràn, bá a bá sì ní ká ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kọ̀ǹpútà á kùn, á dákú lágbedeméjì. Bó bá kú pátápátá sí mi lọ́wọ́, ìyá yẹn ò ní í rí ọmọ rẹ̀ mọ́ láéláé. Ẹ̀rù bà mí. Mo yọ ìyàwó, ètò tuntun yẹn, kúrò, ìjà ò parí. Mo yọ ìyálé náà, mo wá gbogbo ẹrù tí wọ́n fi sílẹ̀ ní kọ̀rọ̀, mo pa á rẹ́. Kọ̀ǹpútà kú, ó jí, ó tún kú. Mo fẹ́ gbá a lórí, ẹnìkejì mi di ọwọ́ mi mú. "Òkò àbínújù kì í pẹyẹ o," ló wí. Mo dá ìyálé nìkan padà. Nígbà tí mo ṣí fídíò, ẹnu àti ohùn jọ ń rìn. Mo bú sẹ́kún.

Ìyá náà padà wá, a fi hàn án. Ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ní màá dé, ó rẹ́rìn-ín, ó jáde. Àga ṣófo, ohùn kankan ò bọ̀ lẹ́yìn.

"Kì í ṣe èyí," ìyá wí.

"Òun náà ni, mà. A ti tún un ṣe ni."

"Ẹ ti bà á jẹ́. Ti ìjọ́sí, ó ti lọ tán kó tó sọ̀rọ̀. Ti èyí, ó ní màá dé, ó sì lọ. Bó ṣe ṣe mí náà nìyẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó ní, 'Ìyá mi, màá dé.' Ó bá lọ."

Ká sòótọ́, inú kọ́kọ́ bí mi, pẹ̀lú gbogbo wàhálà tí mo ṣe. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí lára. Mo jókòó, mo fi ọwọ́ ara mi fa ohùn náà sẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi bọ́ sórí àga tó ṣófo. Ẹnìkejì mi ń wò mí. Mo fi í sínú fíláàṣì, ìyá náà sì dì í mọ́ etí ìró rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà yẹn ti kú báyìí, iyọ̀ ti jẹ ẹ́. Mo ṣì ń tún nǹkan ṣe fáwọn èèyàn, àmọ́ mo máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀ kí n tó fọwọ́ kàn án. Ọ̀rọ̀ ìyá yẹn ṣì ń dùn mí. Kì í ṣe pé ó ń tan ara rẹ̀ jẹ. Ó mọ̀ dájú pé ọmọ òun ò ní í dé mọ́. Ó kàn fẹ́ kó jẹ́ pé lẹ́yìn tó ti lọ ló ṣèlérí.